Ọwọ́ Àkànní àti Ìje Ọjọ́ Sátidé

Ọkùnrin tó wá tún òkú Bàbá Àgbà ṣe gbìyànjú láti na ìka àárín ọwọ́ ọ̀tún wọn. Ìka náà wọ́. Ó tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀, ó tún tẹ̀ ẹ́, ó fẹ́ kó dọ́gba pẹ̀lú àwọn yòókù kó tó ká ọwọ́ méjèèjì lé wọn láyà. Bàbá mi fẹ̀yìn ti ògiri.

"Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ni bàbá mi wí.

"Kò ní pẹ́ tọ́, sà."

"Mo ní kí ẹ fi í sílẹ̀. Èmi ni mo ṣe é."

Ọkùnrin náà wo ojú bàbá mi, ó wo ojú òkú, ó sì rọra mú ọwọ́ kúrò. Èmi Mojí, ọmọ ọmọ, ni mo di abọ́ omi mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ bá mi fara balẹ̀. Ìtàn ẹni tó ti lọ kì í sáré, nítorí ẹni tó ni ín kò kánjú mọ́. N kò ní ka ọjọ́ ìbí Bàbá Àgbà fún yín, n kò sì ní to àwọn ìlú tí wọ́n gbà kọjá láti Ìbàdàn títí wọ́n fi dé Bánjùl tí a wà yìí. Àwọn tó mọ ìyẹn ti sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọwọ́ Àkànní, bí oríkì wọn ṣe ń jẹ́, ni mo mọ̀, ọwọ́ wọn ni mo fẹ́ sọ.

Ọwọ́ náà tóbi. Bí wọ́n bá gbé ife tíì, ife á sọnù sínú rẹ̀. Páńẹ́ẹ̀lì bítà ni Bàbá Àgbà. Ṣọ́ọ̀bù wọn wà ní Kánífíń, láàárín àwọn ilé iṣẹ́ ńlá, ibẹ̀ ni wọ́n ń wọ́ mọ́tò tó bá forí gbárí wá bá wọn. Bọ́nẹ́ẹ̀tì tó rún bí ewé gbígbẹ, ilẹ̀kùn tó wọnú bí ikùn ẹni tí ebi ń pa, Bàbá Àgbà á fi irin tẹ́ abẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì máa fi òòlù nà án títí yóò fi rántí bó ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é. Bí wọ́n ṣe ń bá irin lò náà ni wọ́n ń bá ènìyàn lò. Wọn kì í pè ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ìpè kejì, ọwọ́ ni. Wọ́n na ọmọ iṣẹ́, wọ́n na oníbàárà. Wọ́n na dírẹ́bà lọ́rí kan tó fẹ̀yìn ti mọ́tò tí ọ̀dà rẹ̀ kò tíì gbẹ. Dírẹ́bà náà ga jù wọ́n lọ, òun náà sì dá a padà dáadáa. Nígbà tí Bàbá Àgbà délé, ojú wọn kan ti dí, eyín kan ti kúrò níbi tó wà. Màmá Àgbà, ìyàwó wọn, bú sẹ́kún lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá Àgbà tu ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ní, "Ó kúkú ti mọ̀ pé ọ̀dà tútù kì í ṣe àga."

Bàbá mi, Akin, ni ọmọ kan ṣoṣo tí Bàbá Àgbà bí, abẹ́ wọn náà ni bàbá mi sì ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́dún 1994, mo jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá. Mo gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ sí Kánífíń lọ́jọ́ kan, mo bá Bàbá Àgbà níwájú takisí kan tí bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Bàbá Àgbà fi eegun ìka kan bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Kò dún bí irin.

"Akin, kí ni mo gbọ́ yìí?"

"Pọ́tì ni, sà."

Pọ́tì ni ẹrẹ̀ tí àwọn apọ̀dà mọ́tò fi ń dí ibi tó bá wọnú; bó bá gbẹ, á le bí òkúta. Ẹni tó bá fi pọ́tì dí ojú irin kò ní láti na irin mọ́. Ọ̀dà á bò ó, ojú á gbà á.

"Ta ló kọ́ ọ nírú iṣẹ́ yìí?"

"Bàbá, ayé ti kúrò lójú òòlù. Ẹni tó ni takisí ń kánjú. Ṣé ẹ fẹ́ kó gbé e lọ síbòmíràn ni?"

Ọwọ́ òsì bàbá mi wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, òòlù wà lọ́wọ́ Bàbá Àgbà. Òòlù gòkè. Òòlù sọ̀kalẹ̀. Ìró méjì ni mo gbọ́, ti pọ́tì tó fọ́ àti ti eegun, ti eegun ló kéré jù. Ìka mẹ́ta. Ẹ̀jẹ̀ gba ojú pọ́tì funfun náà bí omi ṣe ń wá ọ̀nà lórí ilẹ̀ gbígbẹ.

Bàbá Àgbà ní pọ́tì ni àwọn fojú sùn. Bàbá mi ní ọwọ́ àwọn ni. Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ, ojú mi là sílẹ̀, síbẹ̀ mi ò lè búra fún ìkankan nínú wọn. Bàbá mi fi àkísà wé ọwọ́. Wọn kò sunkún. Wọ́n wo bàbá wọn lójú, wọ́n ní, "Ẹ ti gbọ́ ìkíni ìkẹyìn lẹ́nu mi."

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nílé Yorùbá mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wúwo tó. Ọmọ lè bá bàbá rẹ̀ jà lálẹ́, kó sì dọ̀bálẹ̀ fún un láàárọ̀. Ọmọ tí kò kí bàbá rẹ̀ mọ́ ti sin ín láàyè. Bàbá mi kó lọ sí Old Jeshwang, wọ́n sọ ara wọn di apọ̀dà mọ́tò níwájú ilé tí wọ́n gbà síbẹ̀. Ìka mẹ́ta náà kò ká mọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún ni apọ̀dà fi ń ṣiṣẹ́. Èmi kù sọ́dọ̀ Màmá Àgbà nítorí ilé ìwé, nígbà tí Màmá Àgbà sì kú, mo kù láti máa se oúnjẹ fún ẹni tó kù. Ọdún méjìlélógún ni bàbá mi kò fi kí bàbá wọn. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, orí ìkíni yẹn ló dúró lé: ṣé Bàbá Àgbà yóò tún gbọ́ ọ kí wọ́n tó kú?

Ọjọ́ Sọ́ńdè ló le jù. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, níbi tí a ti ń fi Yorùbá ṣe ìsìn, Bàbá Àgbà á jókòó lápá ọ̀tún, bàbá mi á jókòó lápá òsì. Bí ìsìn bá parí, bàbá mi á kọjá níwájú wọn bí ẹni kọjá níwájú òpó. Bàbá Àgbà á dé fìlà, wọ́n á ṣí i, wọ́n á tún un dé, kí ọwọ́ wọn má bàa wà lófìfo. Lọ́jọ́ kan, bàbá mi ti kọjá tán, Bàbá Àgbà fà mí létí aṣọ. "Sọ fún bàbá rẹ pé kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ti gbó."

Ìje mọ́tò bá wa láti ìsàlẹ̀ ilé. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ni tiwa ní Soldier Town, àwa lókè, Pa Usman télọ̀ nísàlẹ̀. Ọmọ Wólọ́ọ̀fù ni Pa Usman, àmọ́ ó ti bá Bàbá Àgbà gbélé pẹ́ débi pé ó gbọ́ Yorùbá. Èébú ló kọ́kọ́ gbọ́ nínú rẹ̀. Tìtorí bọ́ọ̀lù ni Pa Usman ṣe gbé dísì sórí òrùlé, ṣùgbọ́n ní ọ̀sán Sátidé kan lọ́dún 2014, kò bá bọ́ọ̀lù, mọ́tò ló bá. Bàbá Àgbà gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì láti òkè, wọ́n sọ̀kalẹ̀ láìwọ bàtà. Wọ́n ti fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ nígbà náà, ojú wọn kò sì gbé lẹ́tà kéékèèké mọ́. Wọ́n ké sí mi kí n wá máa kà á. Báyìí ni àwa mẹ́ta ṣe bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ nǹkan kan nínú wa.

Ohun tó kọ́kọ́ dà wá láàmú ni pé mọ́tò kan á máa fò, òmíràn á máa wọ́ bí ẹni ń wá ilé tí wọ́n júwe fún un. Bàbá Àgbà á bínú sí èyí tó ń wọ́. "Ọ̀lẹ. Kúrò lọ́nà fún ọmọ ènìyàn."

"Bóyá epo ló tán," ni Pa Usman á wí.

"Ọpọlọ rẹ ló tán."

Mo tẹ́tí sí Gẹ̀ẹ́sì àwọn tó ń ròyìn fún ọ̀pọ̀ Sátidé kó tó yé mi. Yípo tí awakọ̀ bá kọ́kọ́ yí ká ojú ọ̀nà náà, táyà ló fi ń mú gbóná. Ẹnì kankan kì í kà á. Yípo kejì ni gidi, òun ni aago ń kà. Yípo kẹta, ó ń padà sílé kí ẹ́ńjìnnì tutù ni. Nígbà tí mo ṣàlàyé rẹ̀ fún Bàbá Àgbà, wọ́n mi orí. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹni tí wọ́n bá gbá létí ládùúgbò, wọ́n á sọ fún un pé, "Èyí, amú-táyà-gbóná ni. Gidi ń bọ̀."

Èkejì tí a kọ́ ni ìjọ̀ mẹ́ta. Bàbá Àgbà ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí wọ́n ní bí ìyá àwọn ṣe ń fi ajọ̀ jọ èlùbọ́ nìyẹn. Mọ́tò méjìlélógún ni wọ́n á kọ́kọ́ tú sójú ọ̀nà, ẹni tó bá fẹ́ jáde á jáde, á sá yípo rẹ̀. Bí ìṣẹ́jú méjìdínlógún bá pé, àwọn mẹ́fà tó falẹ̀ jù ti já bọ́. Wọ́n á tún un jọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mẹ́fà mìíràn á já bọ́. Mẹ́wàá á kù, àwọn yẹn á ní ìṣẹ́jú méjìlá láti fi wá ẹni tó yá jù. Ohun tó ya Bàbá Àgbà lẹ́nu ni pé bí wọ́n bá ti wọ ìjọ̀ kejì, àkókò tí awakọ̀ fi sáré nínú ti àkọ́kọ́ ti parẹ́.

"Ṣé ẹni tó gbẹ̀yìn tẹ́lẹ̀ lè wá ṣíwájú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá, bí kò bá ṣáà ti já bọ́."

"Wọn ò ní rántí ohun tó ṣe tẹ́lẹ̀?"

"Wọ́n ti nù ún kúrò. Ọ̀tun ni wọ́n ń kà."

Ó yẹ kí n dákẹ́ síbẹ̀. Mo ti lé lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún, mo rò pé mo ti tó ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Mo ní, "Bí ó bá jẹ́ pé báyìí ni ẹ̀yin àti bàbá mi..." Mi ò parí rẹ̀. Ọwọ́ yẹn gbá mi lẹ́rẹ̀kẹ́, mo ṣubú lu ẹ̀rọ ìránṣọ Pa Usman, etí mi hó títí di ọjọ́ kejì. Bàbá Àgbà kò tilẹ̀ yí ojú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n. "Ọ̀rọ̀ mọ́tò là ń sọ."

Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣìṣe wa. Ọ̀sán gangan ni wọ́n ń sáré yẹn, ọ̀sán Sátidé sì ni à ń wò ó. Ní ọ̀sán Sọ́ńdè, a wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ìsìn bá tán, ìpàdé ẹgbẹ́ á bẹ̀rẹ̀, à á délé nígbà tí oòrùn ti ń lọ. Pa Usman náà kì í sí nílé ní Sọ́ńdè, ọjọ́ náà ló máa ń lọ kí àwọn ọmọ rẹ̀. Nítorí náà, fún bí oṣù mẹ́fà, àwa mẹ́ta gbà pé ìjọ̀ mẹ́ta yẹn ni gbogbo ìje. Ẹni tó bá yá jù ní Sátidé, òun ló ti borí, ó tán. Awakọ̀ kan wà tí Bàbá Àgbà fẹ́ràn, ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Lọ́jọ́ tó gba ipò kìn-ín-ní, Bàbá Àgbà fúnra wọn lé àkùkọ mú ní ẹ̀yìnkùlé, wọ́n bẹ́ ẹ lórí, wọ́n gbé itan rẹ̀ méjèèjì fún Pa Usman, a sì jẹ́ kí àdúgbò mọ̀ pé ọmọ wa ti gbégbá orókè.

Ní Mọ́ńdè, dírẹ́bà takisí kan tó máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà wa rẹ́rìn-ín. "Pa, ọmọ yín kò kúkú borí. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gbiná lójú ọ̀nà lánàá."

"Àná wo? Àná Sọ́ńdè?"

"Àná náà ni. Ó ń sunkún lójú tẹlifíṣọ̀n."

Bàbá Àgbà gbá a lẹ́ẹ̀mejì. Ètè rẹ̀ ya, ẹ̀jẹ̀ sí i láṣọ, àwọn dírẹ́bà yòókù dì wọ́n mú, Bàbá Àgbà sì ta ọ̀kan nínú àwọn dírẹ́bà náà nípàá kí wọ́n tó rí Bàbá Àgbà gbé wọlé. Dírẹ́bà náà dúró lójú pópó, ó ń bú wa délé ìyá wa.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ibà dá Bàbá Àgbà dúró sílé ní Sọ́ńdè. Èmi náà dúró. Lọ́sàn-án, nítorí kí ilé má bàa dákẹ́ jù, mo sọ̀kalẹ̀, mo fi kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ wa ṣílẹ̀kùn, mo tan tẹlifíṣọ̀n Pa Usman, Bàbá Àgbà sì tẹ̀lé mi pẹ̀lú aṣọ ìbora. Àwọn mọ́tò wà lórí ìlà, méjì-méjì, wọn kò mira.

"Ta ló tò wọ́n báyìí?"

Ibẹ̀ ló ti yé mi. "Ìje àná ló tò wọ́n, Bàbá. Ti àná kì í ṣe ìje gan-an. Ipò ni wọ́n fi ń pín."

Iná pupa tàn lókè àwọn mọ́tò náà. Iná kú, gbogbo mọ́tò sì ru lẹ́ẹ̀kan náà bí agbo màlúù tí agbọ́n ta. Wọn kò tíì dé kọ́nà àkọ́kọ́ tí ọ̀kan fi gun òmíràn lẹ́yìn. Ó yí lókè, ó fi orí balẹ̀, táyà já kúrò, ó fò gba orí ògiri. Ẹlòmíràn sá wọ inú rẹ̀, ìhà rẹ̀ ya bí aṣọ. Èéfín bo gbogbo ibẹ̀. Nígbà tó ṣí, a rí ọkùnrin kan tó ń fi ìgbọ̀nwọ́ wọ́ jáde lábẹ́ irin. Bàbá Àgbà gbá apá àga mú títí eegun ọwọ́ wọn fi funfun. Gbogbo ọjọ́ ayé wọn, irin tó ti jìyà tán ni wọ́n ń bá pàdé. Wọn kò rí ìgbà tó ń jẹ ẹ́ rí.

"Ìyẹn ò ṣeé nà mọ́," ni wọ́n wí. Wọ́n fa aṣọ ìbora mọ́ra, wọ́n ní, "Sátidé, ènìyàn àti aago. Sọ́ńdè, ènìyàn àti ènìyàn. Abájọ tí Olúwa fi ní ká wà ní ṣọ́ọ̀ṣì."

Wọn kò wo ti Sọ́ńdè mọ́. Nígbà tí ibà lọ, wọ́n gbé òòlù, wọ́n sọ̀kalẹ̀ lọ bá takisí dírẹ́bà yẹn. Fẹ́ńdà rẹ̀ ti wọnú láti ọjọ́ pípẹ́. Bàbá Àgbà dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀, wọ́n na fẹ́ńdà náà títí ó fi tọ́, wọn kò tọrọ àforíjì, dírẹ́bà náà kò sì súnmọ́ wọn. Èmi ni wọ́n rán sí i. "Sọ fún un pé ọwọ́ mi ti dé ẹnu rẹ̀ kí òótọ́ tó dé etí mi."

Ìjà tó tóbi jù ni ti àsìá. Ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ wa ló wà lókè pátápátá nínú ìjọ̀ kẹta, aago ń ka àkókò sẹ́yìn, ó dé òdo, wọ́n ju àsìá tó fi hàn pé àkókò ti tán. Bàbá Àgbà dìde, wọ́n ti ń na ọwọ́ sí ọ̀run. Nígbà náà ni mọ́tò kan tó ṣì wà lójú ọ̀nà yọ ní kọ́nà, ó gba orí ìlà kọjá, orúkọ rẹ̀ sì fò bọ́ sókè orúkọ ọmọ wa.

"Olè! Àkókò ti tán!"

"Ndànká-ndànká, Pa," ni Pa Usman wí, ìyẹn ni pé kí wọ́n rọra. Ó ń se àtáyà, tíì kíkorò tí wọ́n ń gbé ka èédú pupa. "Ó tọ́ sí i. Kò sí olè níbẹ̀."

Bí ẹni tó gbà pẹ̀lú olè ni Bàbá Àgbà ṣe gbọ́ ọ. Wọ́n fi ẹsẹ̀ gbá àdògán èédú, tíì gbígbóná dà sí Pa Usman lẹ́sẹ̀. Pa Usman ké, ó fa igi tó fi ń wọn aṣọ yọ, ó là á mọ́ Bàbá Àgbà níwájú orí, igi dá sí méjì. Àwọn arúgbó méjì dì mọ́ ara wọn, aṣọ àwọn oníbàárà já lórí okùn, èédú ń jó kápẹ́ẹ̀tì, ẹ̀jẹ̀ Bàbá Àgbà ń kán sórí bùbá funfun tí ẹni ẹlẹ́ni fẹ́ fi ṣe ìgbéyàwó. Mo da omi lé èédú, mo da èyí tó kù lé àwọn méjèèjì, mo sì pariwo mọ́ wọn bí mi ò ṣe pariwo mọ́ àgbà rí.

"Bàbá, ó ti kọjá ìlà kí aago tó dé òdo. Ó ti bẹ̀rẹ̀ yípo rẹ̀. Yípo tí ènìyàn bá ti bẹ̀rẹ̀ kí àkókò tó tán, wọ́n á jẹ́ kó parí rẹ̀, wọ́n á sì kà á."

Bàbá Àgbà tú ọwọ́ wọn kúrò lọ́rùn Pa Usman. Wọ́n jókòó sílẹ̀ nínú omi àti eérú, ẹ̀jẹ̀ ti dí ojú wọn kan.

"Tún un sọ."

Mo tún un sọ.

"Bí ó bá ṣẹ́ ku ìṣẹ́jú àáyá kan péré nígbà tó kọjá ìlà ńkọ́?"

"Wọ́n á kà á, Bàbá."

Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹ̀jẹ̀. Pa Usman ń fẹ́ atẹ́gùn sí ẹsẹ̀ tó bó, ó ń fi Wólọ́ọ̀fù ṣépè. Bàbá Àgbà kò gbọ́ ọ. Wọ́n ní, "Àkókò lè tán lórí ènìyàn, kí ènìyàn má tíì tán."

Ọdún 2016 ni ẹ̀dọ̀ wọn bàjẹ́. Dókítà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí n máa tọ́jú wọn nílé, kò sí ohun tí oògùn fẹ́ ṣe mọ́. Mo rò pé wọn kò gbọ́. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, ìjọ̀ kejì ti ń lọ nísàlẹ̀, Bàbá Àgbà kò sọ̀kalẹ̀. Nígbà tí mo gòkè, wọ́n ti wọṣọ, wọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, òòlù wà lórí itan wọn.

"Pe takisí."

"Níbo là ń lọ, Bàbá?"

"Old Jeshwang."

"Dókítà ní kí ẹ sinmi."

"Dókítà ní àkókò ti tán. Mo gbọ́. Kò béèrè bóyá mo ti kọjá ìlà."

Dírẹ́bà tí wọ́n la ètè rẹ̀ ló gbé wa. Lábẹ́ igi máńgòrò níwájú ilé, bàbá mi ń fi bébà oníyanrìn ha ilẹ̀kùn mọ́tò kan, ike ọ̀dà ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n rí wa. Wọ́n nàró. Wọn kò kí ẹnikẹ́ni.

"Mojí, kí ló dé?"

Irin rélùwéè kan wà lórí àpótí níbẹ̀, tí bàbá mi fi ń gbé ohun wúwo dúró. Bàbá Àgbà fara ti èjìká mi, wọ́n rìn dé ìdí rẹ̀. Wọ́n tẹ́ ọwọ́ ọ̀tún lé e, wọ́n sì fi ti òsì na òòlù sí ọmọ wọn.

"Akin. Ọwọ́ tó ṣe é rèé."

"Mojí, gbé wọn padà sílé."

"Mojí kọ́ ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

Bàbá mi ju bébà náà sílẹ̀. Wọ́n súnmọ́ tòsí, wọ́n gbé ọwọ́ òsì wọn sókè, ìka mẹ́ta tí kò ká mọ́. Ohùn wọn kéré. "Ṣé pọ́tì lẹ fojú sùn lọ́jọ́ náà, àbí èyí?"

Àkùkọ kan ń kọ nílé kejì. Bàbá Àgbà wo ìka mẹ́ta náà.

"Ọwọ́ rẹ ni," ni wọ́n wí. "Irọ́ tí mo pa, pọ́tì ni. Òun ni mo fi ń dí i láti ọjọ́ náà."

Bàbá mi gba òòlù. Mo ní, "Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́." Mi ò mọ èwo nínú wọn ni mò ń bẹ̀. Òòlù gòkè. Mo rí i tó dúró lókè níbẹ̀, ó pẹ́. Ó sọ̀kalẹ̀. Ìró méjì ni, ti irin àti ti eegun. Mo gbá Bàbá Àgbà mú lábẹ́ apá, àmọ́ ọwọ́ náà kò kúrò lórí irin. Ìka àárín ti dojú kọ ibi tí Ọlọ́run kò dá a sí. Òógùn bo ojú wọn. Wọ́n mí lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n mí lẹ́ẹ̀kẹta.

"Èyí, amú-táyà-gbóná ni," ni Bàbá Àgbà wí. "Gidi dà?"

Ohùn kan jáde lọ́fun bàbá mi. Mo rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni, tàbí kó jẹ́ pé méjèèjì ti jọ ń gbé ibẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò mọ ara wọn yàtọ̀ mọ́. Wọ́n ju òòlù gba orí ògiri, a gbọ́ ọ tó balẹ̀ lórí páànù aládùúgbò. Lẹ́yìn náà, bàbá mi, ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta, na gbogbo ara wọn sílẹ̀ gbọọrọ níwájú bàbá wọn, àyà nínú eruku.

"Ẹ kú ọ̀sán, Bàbá."

Bàbá Àgbà wo ẹ̀yìn orí bàbá mi tó ti ń hu ewú. Ọwọ́ òsì wọn wá fìlà, kò rí i, wọ́n sì tẹ̀ ba, wọ́n gbé e lé èjìká ọmọ wọn.

"Dìde, Akin. Ọ̀dà tútù wà nílẹ̀ níbẹ̀."

Bàbá Àgbà kò gbà kí ẹnikẹ́ni to eegun náà. Wọ́n ní mọ́tò tí a bá nà tọ́ jù, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní mọ ibi tó ti forí gbárí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n tún lò láyé. Ní Sátidé kọ̀ọ̀kan, bàbá mi á jókòó sáàárín wọn àti Pa Usman, á máa béèrè ohun tí àwa náà béèrè, ìdí tí mọ́tò kan fi ń wọ́, ìdí tí àkókò àkọ́kọ́ fi parẹ́. Bàbá Àgbà á fi ìka wíwọ́ yẹn tọ́ka sí ojú tẹlifíṣọ̀n. Pa Usman á ní ìka náà ń tọ́ka sí yàrá òun. Bàbá Àgbà á bú u.

Ìdí nìyí tí bàbá mi fi ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin tó ń tún òkú ṣe ká ọwọ́ òsì lé Bàbá Àgbà láyà, ó gbé ti ọ̀tún lé e, ìka àárín dúró gedegbe, kò bá àwọn yòókù lọ.

Àkànní, wọ́n ti ju àsìá, a sì ti ka yípo rẹ. Bí o bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣáájú, rọra fi ọwọ́ yẹn sínú àpò. Kọ́kọ́ kí wọn ná.